Bí A Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Ara Ẹni Rìn Lọ sí Ẹ̀wọ̀n: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Etí Òkun

Ọlọ́gbọ́n kò nílò ìwé yìí. Bí ọlọ́pàá bá gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ afárá pákó ilé ọlọ́gbọ́n ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òndó, á kí wọn, á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n bá wá, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe ará ilé òun àti lọ́yà, á sì pa ẹnu rẹ̀ dé títí lọ́yà yóò fi dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹjọ́ dùn. Ìwọ ni mo jókòó kọ èyí fún, òmùgọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o mọ bí a ṣe ń ka ìgbì òkun lóru, tí o kò sì ráyè ka bébà kan ṣoṣo ní tésàn. Tẹ̀lé mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé o kò ní pẹ́ dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkìtìpupa, bí kò bá sì sí àyè níbẹ̀, Olókùúta ní Àkúrẹ́ kì í lé àlejò.

Kí ẹjọ́ tó wà, ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà. Mi ò ní kí o lọ jalè o; òmùgọ̀ kò nílò kó jalè kó tó dèrò àtìmọ́lé. Lọ sí èbúté Igbókòdá nírọ̀lẹ́, kí o wá ọkùnrin kan tí o kò mọ̀ rí, tó gbé ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi Yamaha dání, tó ń tà á ní ìdajì owó rẹ̀, tó sì ń wẹ̀yìn bó ṣe ń bá ọ dúnàá-dúrà. Má bi í ní ibi tó ti rí i. Má gba rìsíìtì. Má bèèrè orúkọ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá" ti tó. Tí o bá délé, ra ọ̀dà, kí o fi kun ojú nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ náà, nítorí pé ó wù ọ́ kó dúdú mini. Lẹ́yìn ìyẹn kí o dúró tì í, kí o ya fọ́tò, kí o gbé e sórí Facebook, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é. Òfin kò sọ pé gbogbo ẹni tó ra ẹrù olè ló jẹ̀bi. Àfi kó mọ̀ pé ẹrù olè ni, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀. Ọ̀dà rẹ yìí ni yóò bá wọn fi hàn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni òfin ọ̀daràn wa lè fún ẹni tí wọ́n bá ká irú ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ó sì tó kí ọ̀dà náà ṣí kúrò fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá wọ́n, jẹ gbèsè. Gba owó àwọ̀n lọ́wọ́ ìyá oníṣòwò ẹja, kí òkun má fún ọ ní nǹkan kan lọ́dún náà, kí ìyá náà sì gba tésàn lọ. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí gbogbo lọ́yà ń pè ní ACJA, ti sọ ọ́ ṣáájú ní 2015, Òndó náà sì ṣe tirẹ̀. Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ń gba gbèsè, kì í ṣe káńtà. Ọlọ́gbọ́n á ní, "Ọ̀gá, gbèsè ni mo jẹ, n kò jalè, mo sì ti ń san án díẹ̀díẹ̀." Ìwọ má sọ bẹ́ẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo jẹ̀bi, mo ti ná owó wọn, ẹ ṣíjú àánú wò mí." Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbèsè ti di gbígba owó lọ́nà èrú, ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá mú ọ, sá. Ẹni tó dúró ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bẹ́ sómi ti dáhùn. Bí wọ́n bá lúwẹ̀ẹ́ jù ọ́ lọ, yíjú padà kí o gbá ọ̀kan nínú wọn létí. Ẹ̀sùn kan ni wọ́n bá wá, méjì ni wọn ó gbé lọ, nítorí lílu ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé o mọ ojú omi jù wọ́n lọ, tí o ti yọ́ dé abà apẹja kan lẹ́yìn ìgbẹ́ ẹ̀gbà, fọkàn balẹ̀, wọ́n lè mú ìyá rẹ. Òfin kọ̀ ọ́. Wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ, wọn kò gbọdọ̀ mú ìyàwó dípò ọkọ, ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún wọn? Ìwọ tí ò bá sọ ọ́ wà nínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì ní Igbókòdá, ó ń pe ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní "Ọ̀gá mi," ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi ẹ̀wù bo ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀fọn.

Ká gbà pé wọ́n ti rí ọ mú, pé ìyá ti padà sílé. Ìrìn ojú omi láti Ayétòrò sí Igbókòdá dára púpọ̀ fún ìjẹ́wọ́. Ọlọ́pàá kò ní kí o sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn jókòó, ọ̀kan á wo ẹ̀rọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ, á mi orí, á ní, "Ẹ̀rọ yìí mà dára o. Èló lo rà á?" Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ iye tí o rà á. Sọ pé ìwọ náà mọ̀ pé owó náà kéré. Ariwo èǹjìnnì ọkọ̀ yóò mú kí o pariwo kí wọ́n tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrò inú ọkọ̀, títí dé obìnrin tó gbé agbọ̀n púpurù sẹ́sẹ̀, yóò ṣe di ẹlẹ́rìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, ní abala 35, fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti má dáhùn ìbéèrè kankan títí o ó fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀, tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá wù ọ́. N kò mọ ẹ̀tọ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Kò gba owó, kò gba gírámà, kí ètè méjèèjì ṣáà pàdé. Ìdí nìyẹn tí òmùgọ̀ kì í fi í lò ó: ohun tí kò náni lówó kì í jọ òmùgọ̀ lójú.

Ní tésàn, má ka wákàtí. Láàárín wákàtí 24, ó yẹ kí wọ́n fi ìwé sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú ọ fún ọ, ní èdè tó yé ọ. Lẹ́yìn náà, bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé ọ dé ibẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Kọ́ọ̀tù májísíréètì wà ní Igbókòdá. Bí ẹyẹ bá fò láti Ayétòrò dé ibẹ̀, kò tó 40. Àwọn tó kọ òfin wo máàpù ni, wọn kò wo omi: ọkọ̀ ń yí kọ́rọ́, epo ń tán, ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ síwèé ti lọ sí Àkúrẹ́ láti Fúráìdé, ọjọ́ Ajé sì jẹ́ ọlidé. Gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ má kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú ọ sílẹ̀, kí wọ́n má bèèrè orúkọ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, tó ní fáìlì náà, kí wọ́n má sì wádìí lọ́wọ́ lọ́yà kankan bóyá ẹ lè gba kọ́ọ̀tù lọ nítorí ọjọ́ tó ti ń gorí ọjọ́. Ìwé òfin kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀bẹ̀! Kí ìjọba bẹ ìwọ! Ìtìjú yẹn pọ̀ jù fún ọ. Má gbà á.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ jù lọ la dé yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń kú kí adájọ́ kankan tó rí i. Wọ́n á mú ọ jókòó sí tábìlì kan. IPO á gbé fúlúsikáàpù jáde. Lókè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìkìlọ̀ sí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: pé kò pọn dandan kí o sọ ohunkóhun, pé ohun tí o bá sọ, wọn ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ó sì lè lò ó ní kọ́ọ̀tù. Òmùgọ̀ gidi ti fọwọ́ sí ìkìlọ̀ náà kí wọ́n tó parí kíkà á.

"O lè kọ̀wé?"

"Rárá sà. Ẹ bá mi kọ ọ́, sà."

"Ó dáa. Máa sọ̀rọ̀."

Wàá sọ̀rọ̀ títí. Wàá sọ ọ́ ní Ìlàjẹ, wàá fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ọkùnrin náà ṣe ga, wàá sọ pé o bi ẹnìkejì rẹ bóyá kí o rà á, pé ó ní kí o má rà á lóru. IPO á máa mi orí, á máa sọ pé "Ẹn-ẹ́n." Nígbà tó bá parí, ìlà mẹ́rin ni yóò wà ní bébà, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Buwọ́ síbí. Síbí náà. Tún tẹ̀ ẹ́ síbí."

"Ẹ ṣé gan-an sà. Ọlọ́run á bù kún yín."

Wo bó ṣe dùn tó! Ọlọ́gbọ́n ì bá ti ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí òun fi sọ ọ́, kí wọ́n kà á padà sétí òun, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ì bá ti mú báírò, kó fa ìlà láti ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kí ọ̀rọ̀ mìíràn má bàa dàgbà níbẹ̀ lóru. Tí ó bá rí ohun tí òun kò sọ, ó ì bá ti kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Òfin ACJA gbà kí lọ́yà wà níbẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid (àjọ tó ń bá aláìní gbẹjọ́), tàbí JP (Justice of the Peace), tàbí ẹnikẹ́ni tí o bá yàn. Ó tún ní kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà wo ẹjọ́ kan láti Èkó, ó sì sọ pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, pé ìjẹ́wọ́ tí wọn kò tẹ̀ lé ìlànà náà gbà kò wúlò. Ìjọba ti ṣe tiwọn lórí bébà. Ìwọ ni o kù, ìwọ sì ti tẹ̀ka.

Kí o má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé yìí kéré, ọmọ Ìlàjẹ kan wà tó mọ bó ṣe tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní 100 gun orí pèpéle epo Chevron tí wọ́n ń pè ní Parabe, nínú òkun, nítorí omi iyọ̀ tó ń pa igbó àti ẹja wọn, àti nítorí iṣẹ́. Wọ́n jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá dé pẹ̀lú hẹlikópítà tí ilé iṣẹ́ náà háyà, wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì kú. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí àtìmọ́lé. Bọ́lá Oyinbo, tó jẹ́ olórí wọn, wà lára wọn. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà ni pé wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ so òun rọ̀ mọ́ ìkọ́ fáànù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé òun kọ̀ láti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún òun. Abacha ló wà lórí oyè nígbà náà, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ sì ń sọ ọ́ láti ìlú òyìnbó tàbí láti inú ẹ̀wọ̀n. Ẹjọ́ náà padà dé kọ́ọ̀tù ní San Francisco ní orúkọ Larry Bowoto, ẹni tí ìbọn bà ní Parabe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2008, àwọn ìgbìmọ̀ aráàlú tó gbọ́ ọ sọ pé Chevron kò jẹ̀bi. Ohun tó ń jà mí lọ́kàn nínú ìtàn yìí ju ìdájọ́ lọ ni pé ẹnì kan wà lórí ìkọ́ fáànù tí kò fọwọ́ síwèé. Ìwọ wà lórí àga, wọ́n fún ọ ní Fanta tútù, o fọwọ́ sí mẹ́ta.

Lónìí, òfin tó lòdì sí ìdálóró ti wà láti 2017. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà kò yẹ kó wọlé sí kọ́ọ̀tù, adájọ́ á sì kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìjẹ́wọ́ náà nìkan kó tó tẹ̀síwájú. Nítorí náà, bí wọ́n bá lù ọ́, fi ẹ̀wù bo ojú ọgbẹ́ náà. Má fi han dókítà. Má fi han májísíréètì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọ dé iwájú rẹ̀. Dúró di ọdún kejì, nígbà tí àpá ti jiná tán, kí o tó wá rántí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ béèlì. Ara ògiri tésàn ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ jókòó sábẹ́ àkọlé náà gan-an, kí o máa ka owó: owó bébà, owó báírò, owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi wá mú ọ, nítorí ó yẹ kí ẹni tí wọ́n mú sanwó ọkọ̀. N kò sọ pé gbogbo ọlọ́pàá ló ń gbà á o. Àwọn kan wà tí wọ́n máa fi owó ara wọn ra ìrẹsì fún ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ kì í dúró kí wọ́n bèèrè. Ó ti nawọ́.

Béèlì kọ́ọ̀tù ni ọ̀rọ̀ tó gbóná jù fún ará Ayétòrò, ẹ má sì jẹ́ ká kọjá rẹ̀ wéré. Májísíréètì á sọ pé kí o mú oníduró wá, tó ń gbé lágbègbè kọ́ọ̀tù náà, tó sì ní ilé tàbí ilẹ̀, kó mú ìwé rẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì dá ìlú wa sílẹ̀ ní 1947, irú ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti dà wọ́n láàmú: wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n jọ ń jẹun, ẹnikẹ́ni kì í pe ilé kan ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lé ní ogún, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ní ohun tiwọn. Wọ́n kọ́lé. Òkun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní tirẹ̀. Ó ti gba ilé, ó ti gba ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wó ilé ẹ̀kọ́, kò sì bọ̀wọ̀ fún ibojì àwọn baba tó dá ìlú sílẹ̀. Láti 2004 ni a ti ń gbọ́ pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde. Ìgbì kò tíì gbọ́. Nínú gbogbo ọ̀daràn agbègbè yìí, òkun nìkan ni wọn kò tíì ní kó wá kọ sítétímẹ́ǹtì.

Nítorí náà, mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lọ. Kí ó wọ agbádá rẹ̀, kí ó gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá kí omi má bàa bà á jẹ́. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù á bèèrè pé ilé náà wà níbo. Kí ẹ̀gbọ́n bàbá nawọ́ sí apá gúúsù, kó ní, "Ó wà níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi, tí omi bá fà padà, wàá rí òpó mẹ́ta." Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán lọ́yà rẹ létí pé ó lè padà sọ́dọ̀ adájọ́ láti ní kó dín àdéhùn béèlì náà kù, nítorí òfin ní béèlì kò gbọdọ̀ le kọjá ohun tí ẹni náà lè ṣe. Má mú àǹtí rẹ tó ń ta ẹja ní Igbókòdá, tó ní ilé ní orí ilẹ̀ gbígbẹ. Obìnrin ni. Òfin gbà pé obìnrin lè dúró fún ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa lé e padà nítorí pé obìnrin ni, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀. Dípò rẹ̀, lọ háyà oníduró lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù, tí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ní jẹ́ ti ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti fi dúró fún èèyàn bí i méje.

Àwọn àgbà ìlú á fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà nílé. Ìyẹn dára, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, a sì ti ń parí ọ̀rọ̀ nílé ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀nà tésàn. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbàgbọ́ ni pé ẹ̀rọ tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín ti fọ ẹjọ́ nù. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ti dárí jì ọ́, ẹ ti jọ mu ògógóró, ẹ ti gbàdúrà. Kò burú. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà níwájú ìwé ẹjọ́ kì í ṣe tirẹ̀, ti kọmíṣánnà ọlọ́pàá ni, tàbí ti Ìpínlẹ̀ Òndó. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹni tí o ṣẹ̀ kì í ju ẹlẹ́rìí lọ, ìjọba ló ni ẹjọ́. Ó lè bẹ̀ wọ́n, kò lè pa á tì fúnra rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n á mú ìwé àdéhùn náà lọ fún lọ́yà rẹ̀ kó gbé e síwájú agbẹjọ́rò ìjọba. Ìwọ jókòó sílé ní ọjọ́ tí ẹjọ́ náà pé. Ẹ ti parí ẹ̀, àbí? Wọ́n á wá fi wáráǹtì kí ọ.

Lọ́yà ńkọ́? Yan èyí tó sọ fún ọ pé òun mọ adájọ́. Purọ́ fún un. Ohun tí o bá sọ fún lọ́yà rẹ, àṣírí ni, kò lè sọ ọ́ síta, nítorí náà ó jẹ́ ìfiṣòfò láti sọ òótọ́ níbẹ̀. Jẹ́ kó gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ìjọba, níwájú gbogbo èrò, kí ojú ó tì í dáadáa. Bí o kò bá lówó lọ́yà rárá, má bi ẹnikẹ́ni nípa Legal Aid, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1976, tí wọ́n ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, tí wọ́n sì ń bá ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ gbẹjọ́ láìgba kọ́bọ̀. O ti gbọ́ pé ohun ọ̀fẹ́ kì í dára. Sùúrù ni kí o mú wọ kọ́ọ̀tù.

Nínú kọ́ọ̀tù, wọ́n á ka ẹ̀sùn sí ọ létí. Ó yẹ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ọ ní èdè tó yé ọ, ògbufọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n á bi ọ́ bóyá ó yé ọ. Ní "Ó yé mi sà," kí o rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé o kò lọ sílé ìwé. Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o jẹ̀bi, rántí ìmọ̀ràn ọkùnrin tí ẹ jọ sùn ní sẹ́ẹ̀lì: "Sọ pé o jẹ̀bi, wọ́n á ní kí o gbálẹ̀ kọ́ọ̀tù, wàá jẹun ọ̀sán nílé." Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ló fi wà níbẹ̀. Òfin kà ọ́ sí aláìlẹ́ṣẹ̀ títí tí ìjọba yóò fi fi ẹ̀rí hàn, o sì lè bi gbogbo ẹlẹ́rìí wọn ní ìbéèrè. Wọn kò lè fi ipá mú ọ gun àpótí ẹlẹ́rìí. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ni wọ́n gbé lé ìjọba lórí, ìwọ sì fi ọ̀rọ̀ kan sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wọn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí olè pẹ̀lú ìbọn ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, n kò sì ní ṣe àwàdà púpọ̀ níbẹ̀. Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ọ. Á kàn ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP, olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, ní Àkúrẹ́. Òfin ACJA fi ọjọ́ 14 sí irú ìdúró bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe, lẹ́yìn náà ó yẹ kí wọ́n wá ṣàlàyé. Fáìlì á máa rìn, ìwọ á máa dúró. Nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà, nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń lọ bèèrè fáìlì, tí lọ́yà rẹ̀ ń kọ̀wé, tó ń gba ọ̀nà kọ́ọ̀tù gíga lọ fún béèlì, ni fáìlì rẹ̀ ń rí ẹsẹ̀. Kí ẹbí tìrẹ gbààwẹ̀ nìkan. Àdúrà dára, Ayétòrò kò ní sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n n kò tíì rí áńgẹ́lì tó gbé fáìlì láti tábìlì kan sí èkejì ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́.

Bí wọ́n bá sì fún ọ ní béèlì, tí ẹjọ́ náà ń pẹ́ jù, o mọ ọ̀nà omi. Àwọn apẹja wa ti ń lọ sí Cameroon àti Gabon tipẹ́. Lọ. Kí o fi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sílẹ̀ níwájú adájọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òkun, kó máa ṣàlàyé bí òun ṣe máa san owó tó fi dúró fún ọ. Òfin ACJA gbà wọ́n láyè láti máa gbọ́ ẹjọ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ, nígbà tí wọ́n bá ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì tí o kò yọjú, kí wọ́n sì dá ọ lẹ́bi níbi tí o ti ń tún àwọ̀n ṣe ní Libreville. Ìdájọ́ náà á dúró dè ọ́. Ọdún mélòó lo fẹ́ fi wà lókè òkun? Kérésìmesì kan á mú ọ wálé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ọ lẹ́bi, ọ̀nà ṣì kù. Ẹni tí kọ́ọ̀tù gíga dá lẹ́bi ní ọjọ́ 90 láti gba Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn lọ, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà ní Àkúrẹ́. Wá bàbá kan ní ọgbà náà, ó máa ń wà níbẹ̀, tí yóò sọ fún ọ pé tí o bá pẹjọ́, wọ́n á fi ọdún kún ọdún rẹ. Gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún, kí o fi fóònù wọ́dà pe lọ́yà.